Ọmú Kẹwàá

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án tí Ìgbẹ̀yìn, ajá mi, bímọ, orí ìdúró ni mo bá a nínú ilé ìdáná àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní ìlú Ìyàrá, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèje ń wọ́ kiri lórí àpò ìrẹsì tí mo tẹ́ fún wọn, wọ́n ń fi imú wá ọmú tí kò sí nílẹ̀, wọ́n sì ń ké bí ọmọ ẹyẹ. Ọyẹ́ mú púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo ní kí ó dùbúlẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn. Mo fọwọ́ tì í ní ìdí, ó sì kùn sí mi, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́rin tí ó ti wà lọ́dọ̀ mi. Inú bí mi. Mo bi í pé irú abiyamọ wo ló ń sá fún ọmọ ara rẹ̀, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo sì gba oko káṣú lọ láti wo àwọn tó ń ro abẹ́ igi.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ mi tó ń gbé Àbújá máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ló sọ ọ́ ní Ìgbẹ̀yìn, nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ kan wà láàárín òun àti aládùúgbò wa kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ á fi òwe sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, á máa pè é ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á sì máa gbọ́. Ẹjọ́ náà ti parí, ọkọ mi ti sùn, aládùúgbò yẹn àti èmi ti di ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò lára ajá.

Ọ̀sán ni mo dé láti oko. Ìgbẹ̀yìn ti dùbúlẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì sókè díẹ̀, bí ẹni tí eéwo wà ní abíyá rẹ̀ tí kò lè pa apá mọ́ra. Oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ wà nínú abọ́ bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìkùn rẹ̀ láti àyà lọ sí ẹ̀yìn, mo sì dé ọmú tó kẹ́yìn ní apá òsì. Ó gbóná bí ara ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó le bí ọsàn tí kò tíì gbó. Awọ rẹ̀, tí ó máa ń funfun tí ó sì máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ jòjòló, ti ń lọ sí àwọ̀ elésè àlùkò. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, Ìgbẹ̀yìn kò kùn mọ́, ó kàn yí orí padà, ó sì lá ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀.

Mo jókòó sórí àpótí. Ọmọ mẹ́rin ni mo fún lọ́mú. Ní ọjọ́ kẹfà tí mo bí àkọ́bí mi, ọmú mi kan dì, ó le, ìbà mú mi débi pé mo ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ méjì. Tí ọmọ bá sì ké láti ìyàrá kejì, ojora á mú mi, nítorí mo mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ fi ojú mi rí. Ìyá mi kò bi mí pé irú abiyamọ wo ni mí. Ó gbé omi kaná, ó rẹ aṣọ sínú rẹ̀, ó fún un, ó gbé e lé mi láyà, ó ń fi àtàǹpàkò fún ọmú náà díẹ̀díẹ̀ títí omi ọmú tó dì fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ohun tí mo mọ̀ nínú ara mi nìyí, tí n kò sì mọ̀ mọ́ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ sí ajá mi. A máa ń ní ajá “kọ ọmọ”. Mo ti gbọ́ ọ nígbà púpọ̀ ní Ìjùmú àti ní Kàbà, pé ajá kan kọ ọmọ, pé kí a tètè kó ọmọ kúrò níwájú rẹ̀ kí ó má baà jẹ wọ́n. Òótọ́ ni pé irú rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni bóyá ó ti fọwọ́ kan ọmú ajá náà.

Ajá sábà máa ń ní ọmú mẹ́wàá, márùn-ún ní ọ̀tún, márùn-ún ní òsì, láti àyà títí dé àárín itan. Òmíràn ní mẹ́jọ, òmíràn sì ní méjìlá. Orí ọmú ewúrẹ́ ní ihò kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ihò wínníwínní tó pọ̀ ló wà lórí ọmú ajá, gbogbo wọn sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún ohun tó bá fẹ́ wọlé. Ọmú kọ̀ọ̀kan ló ń dá omi tirẹ̀ ṣe. Omi inú ọ̀kan kì í ṣàn sínú èkejì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi lè jẹrà tí mẹ́sàn-án yòókù yóò sì wà ní àlàáfíà, tí ẹni tó dúró lókè tó ń wo ajá yóò rí àwọn ọmọ tó ń mu, tí yóò sì ní kò sí nǹkan. Àwọn tó wà lẹ́yìn ló máa ń tóbi jù tí omi wọn sì máa ń pọ̀ jù, àwọn náà ló sì súnmọ́ ìdí àti ìdọ̀tí jù lọ.

Bí àìsàn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Omi ọmú á kọ́kọ́ dúró sójú kan, bóyá nítorí pé ọmọ kò tó tàbí pé wọn kò mu ọmú kan dáadáa, ọmú náà á le, á sì máa ro ajá láìsí kòkòrò kankan nínú rẹ̀. Bí a bá mú un níbẹ̀, aṣọ gbígbóná àti ẹnu ọmọ lè tó. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá gba ibi tó ha wọlé, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Escherichia coli tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, Staphylococcus tó ń gbé lórí awọ, àti Streptococcus ni àwọn dókítà ẹran sábà máa ń bá níbẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e wá, pàápàá bí ilé ọmọ nínú ikùn ìyá kò bá mọ́ lẹ́yìn ìbí.

Ní ti Ìgbẹ̀yìn, n kò ní láti wá ẹni tó ṣe é jìnnà. Ọjọ́ mẹ́rin ni n kò ti pààrọ̀ àpò ìrẹsì yẹn, nítorí mo rò pé bí mo bá gbé e, òtútù yóò mú àwọn ọmọ. Èkejì ni eékánná wọn. Ẹ gbé ọmọ ajá ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ kí ẹ wo ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀: orí eékánná náà tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ó mú bí abẹ́rẹ́, bí ó bá sì ń mu, á máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ọmú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí omi lè tètè wá. Méje irú wọn, ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru. Nígbà tí mo tan iná fóònù sí ìkùn Ìgbẹ̀yìn, mo rí ojú ìlà pupa tín-ín-rín yí orí ọmú kẹwàá náà ká, ọ̀kan ti gbẹ, òmíràn ṣì tutù.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n ní ìlú kékeré. Kí ilẹ̀ tó ṣú, aládùúgbò kan ti ní kí n gún ata sí orí ọmú náà kí àwọn ọmọ lè fi í sílẹ̀. Bàbá Ọdẹ, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, ní òrí àti eérú gbígbóná ni bàbá òun máa ń lò. Èmi fúnra mi lọ sí kẹ́mísìtì. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó ti ka kápúsù pupa-àti-yẹ́lò mẹ́wàá sínú ọ̀rá pẹ̀lú parasitamọ́ọ̀lù, ó ní ohun tí òun ń fún ènìyàn náà nìyẹn, ajá kò lè ju ènìyàn lọ. Mo sanwó, mo sì gbé e délé. Abọ́ oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ọmọ mi pè mí láti Àbújá, tí ó ní kí n dúró ná, tí ó sì wá nọ́ńbà dókítà ẹran kan ní Kàbà fún mi.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un,” ni ohun àkọ́kọ́ tí dókítà náà sọ. Kápúsù pupa-àti-yẹ́lò yẹn, tetracycline ni. Ó máa ń bá omi ọmú lọ sí ara ọmọ, á lẹ̀ mọ́ kálísíọ̀mù inú egungun àti eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, á sì ba eyín wọn láwọ̀ jẹ́. Parasitamọ́ọ̀lù lè ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́, ibuprofen tí àwọn mìíràn ń fún wọn a máa dá ọgbẹ́ sí ikùn wọn, a sì máa pa kíndìnrín wọn lára. Gbogbo ohun tí ìyá bá gbé mì, kí a gbà pé ọmọ méje ti tọ́ ọ wò. N kò bínú sí ẹni tó ta oògùn fún mi tó bí mo ṣe bínú sí ara mi, nítorí ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé pé kí wọ́n máa béèrè.

Dókítà náà dé ní ìrọ̀lẹ́ lórí alùpùpù rẹ̀. Ó fi tẹmọmítà sí ìdí Ìgbẹ̀yìn: 40.3 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ara ajá gbóná ju tiwa lọ láti ìṣẹ̀dá, nǹkan bí 38.3 sí 39.2 ni tirẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá le, nítorí náà ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán díwọ̀n ìbà ajá yóò ṣìnà. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun mú àwo funfun kan wá. Ó fún omi láti ọmú tó wà ní àárín, ó kán sórí àwo: ó funfun, ó ki díẹ̀ bí ògì tí a pò tí kò tíì kan iná. Ó fọ ọwọ́, ó fún ti ọmú kẹwàá sí ẹ̀gbẹ́ kejì àwo náà. Ìyẹn kò kọ́kọ́ wá. Nígbà tí ó wá, ó pọ́n bí omi tí a fi fọ irin dídípẹtà, okùn ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, ó sì ní kókó bíi wàrà tó bàjẹ́. Ọyún ni. Oyún ni a bá ajá yọ̀ fún ní oṣù méjì, ọyún ló wá kẹ́yìn rẹ̀. Àmì kóńkó kan lábẹ́ lẹ́tà ló ya ayọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í sì í rántí fi í síbẹ̀.

Ó fún un ní abẹ́rẹ́, ó sì kọ oògùn apakòkòrò kan láti ìdílé pẹnisílíìnì, èyí tí kò ní ṣe àwọn ọmọ níbi. Bí ajá bá ṣe wúwo tó ni a fi ń wọn ọ́n, nítorí náà n kò ní kọ iye rẹ̀ síbí kí ẹlòmíràn má baà fi tèmi wo tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ ìyá mi ló padà wá bá mi: aṣọ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kí a sì fún ọmú náà jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè jáde. A gé orí eékánná àwọn ọmọ, orí tó tẹ̀ yẹn nìkan, pẹ̀lú ohun tí a fi ń gé ti ènìyàn.

Kí a ha jẹ́ kí àwọn ọmọ máa mu? Ìbéèrè tó dà mí láàmú jù nìyẹn, n kò sì rí ìdáhùn kan tó bá gbogbo ajá mu. Bí ọmú bá wú lásán, ẹnu ọmọ ni oògùn rẹ̀, nítorí ó ń fà á gbẹ. Bí ọyún bá ti wà níbẹ̀, tàbí tí awọ ti fẹ́ bẹ́, kí a bo ti ìyẹn, kí wọ́n máa mu àwọn yòókù. Bí àìsàn bá sì ti mú ìyá wọlẹ̀ pátápátá, kí a bọ́ àwọn ọmọ lọ́tọ̀. Tiwa jẹ́ ti àárín. Dókítà ní kí n wá aṣọ bò ó, mo sì lọ mú síńgílẹ́ẹ̀tì ọmọ-ọmọ mi kan, mo dá ihò mẹ́rin sí i fún ẹsẹ̀, mo dá òmíràn sí i fún ọmú mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin tó ti gbìyànjú láti wọ aṣọ fún ajá tó ń gbóná mọ bí ó ṣe rí. Àwọn ọmọdé àdúgbò wá wò ó bí ẹni wá wo eégún.

Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà kò rí ti ara rẹ̀ gbà nínú mẹ́sàn-án. Mo ní òṣùwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, mo ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé e ní àràárọ̀, mo sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ. Ọmọ ajá tó ń jẹun dáadáa á máa wúwo sí i lójoojúmọ́, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ìwúwo ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Kékeré yìí dín gíráàmù méjìlá láàárín ọjọ́ kan, ìyẹn sì ti sọ fún mi kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wàrà màlúù tí gbogbo ènìyàn ń sáré sí kò tó, nítorí ọ̀rá àti purotéènì inú omi ọmú ajá ju ìlọ́po méjì ti màlúù lọ. Dókítà ló kọ́ mi bí a ṣe ń po èyí tó ki. Sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ ni mo fi ń kán an sí i lẹ́nu, ìkùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń mu lábẹ́ ìyá rẹ̀. A kì í dá a dùbúlẹ̀ bí ọmọ ènìyàn, kí wàrà má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn oúnjẹ, òwú tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń nu ìdí rẹ̀ kí ó tó lè tọ̀, iṣẹ́ tí ahọ́n ìyá ń ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní alẹ́ kẹta, Bàbá Ọdẹ wọlé wá. “Tíṣà, okun o,” ló fi kí mi, bí a ṣe ń kí ara wa ní ọ̀dọ̀ wa. Mo ní okun, Bàbá. Kò jókòó. Ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kan ajá náà.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí ó jẹ́. Ọkùnrin yìí lè wo koríko tó tẹ̀, kí ó sọ fún yín bóyá òyà kọjá níbẹ̀ lálẹ́ àná tàbí ní òwúrọ̀ yìí. Ó ní ajá kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, abo, tó gbówó lórí ju kẹ̀kẹ́ lọ lójú àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ajá náà bí ọmọ mẹ́jọ. Ní bíi ọ̀sẹ̀ kejì, ọmú rẹ̀ kan kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà ó dúdú bí èédú, ó sì tutù. Ẹ fetí sí ìyẹn dáadáa, nítorí òun ló tan wá jẹ: nígbà tí gbígbóná náà lọ, a rò pé ara ń yá. Gbígbóná túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ibẹ̀. Tí ó bá ti tutù tí ó sì dúdú, ẹran ibẹ̀ ti kú nìyẹn, oró rẹ̀ sì ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ abẹ ni, kì í ṣe ti ọ̀la. Ajá náà kú ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ sì ń tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ẹnìkan ló ṣe é. Wọ́n tilẹ̀ dárúkọ obìnrin kan. Mo wà níbẹ̀, ẹnu mi sì dákẹ́.

Bàbá Ọdẹ kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná mi. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ láti àyà Ìgbẹ̀yìn, ó ń kà á lábẹ́nu: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí ó dé ìkẹwàá, ó dúró. Wíwú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ó fi ìka méjì mú un bí ẹni mú ẹyin. “Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀,” ló wí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, “Obìnrin yẹn kò mọ nǹkan kan.” Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì lọ.

Ìbà náà lọ ní ọjọ́ kejì tí dókítà wá, ṣùgbọ́n a lo oògùn náà títí ọjọ́ tí ó dá fún un fi pé. Ohun kan tún wà tí ó ní kí n máa ṣọ́, èyí tí kì í ṣe ti ọmú fúnra rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọmú ń fà: bí ajá abiyamọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le gbagidi, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin lẹ́yìn ìbí jù lọ, kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sínú omi ọmú tán, wákàtí ni a ń kà nígbà náà, a kì í ka ọjọ́.

Kókó kan tí kò ju ẹ̀wà lọ ṣẹ́ kù sínú ọmú kẹwàá náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì dẹ́rù bà mí, nítorí abo ajá pẹ̀lú máa ń ní jẹjẹrẹ ọmú. Bí ìdajì irú kókó bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èyí tó burú, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1969 sọ pé abo ajá tí a yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin rẹ̀ kí ó tó gùn rárá, ìyẹn kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè akọ, kò ní ju ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ewu àìsàn náà tí èyí tí a kò yọ tirẹ̀ ní. Lẹ́yìn gígùn kan ó di 8, lẹ́yìn méjì ó di 26. Àwọn mìíràn ti yẹ iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó bí a ṣe ń pariwo rẹ̀. Lójú tèmi, ajá tí a kò fẹ́ kó bímọ, kí a yọ ọ́ fún un ní kékeré. Ajá tí a bá sì fẹ́ kó bímọ, kí a gbà pé a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kókó ti Ìgbẹ̀yìn yọ́ fúnra rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.

Àwọn tó fẹ́ ra ọmọ dé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n fẹ́ kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ̀. Yàtọ̀ sí pé ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò tíì tó lọ, bí ẹ bá gba ọmọ méje lọ́wọ́ ìyá tí ọmú rẹ̀ ṣì kún ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú rẹ̀ ni ẹ tún ń pè padà. Láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ lọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí wọ́n lọ, méjì lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sì ń dín oúnjẹ ìyá wọn kù bí ọmọ ṣe ń dín kù kí omi ọmú lè fà sẹ́yìn. Bàbá Ọdẹ mú èyí tó kéré jù, ọmọ sírínjì, abo ni. Mo ní kí ó mú èyí tó tóbi, ó ní rárá.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú èyí tó kẹ́yìn lọ, mo gbé fóònù mi, mo tan iná rẹ̀, mo wọ ilé ìdáná. Ìgbẹ̀yìn gbọ́ ìró bàtà mi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì sókè fúnra rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àyà. Ọmú kẹwàá ti rọ̀, ó kéré ju ẹnìkejì rẹ̀ ní apá ọ̀tún lọ, kò sì gbóná ju ìyókù ara rẹ̀ lọ mọ́.